Ẹni tó bá sọ pé dáàlì ò nílò ìbòrí, irọ́ ló pa fún yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé ní Sèmè, ní Ekpè, níbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ariwo òkun lóru, ọ̀rọ̀ kan wà tó wà lẹ́nu gbogbo wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí: páànù ni iyọ̀ òkun ń jẹ, kò rí dáàlì, òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n fi sìmá àti irin dà, gbé ṣe, da dáàlì kó o lọ sùn. Èmi náà sọ ọ́ rí. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tó fẹ́ bo ilé ẹ̀ ní Sèmè, ó gbọ́ tèmi, ó sì ń dùn mí dòní.

Ti páànù yẹn, òótọ́ ni. Páànù tí wọ́n fi síǹkì bò kì í pẹ́ létí òkun, ìdí ìṣó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti dáàlì ni irọ́.

Bétọ̀n, àpòpọ̀ sìmá, yanrìn àti òkúta, kì í ṣe àwo tánganran. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ tójú ò rí, omi ń gbabẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ òkun bá gbé iyọ̀ bà lé e, òjò á yọ́ ọ, á gbé e wọnú lọ bá irin. Sìmá fúnra ẹ̀ máa ń dáàbò bo irin kó má dípẹtà, iyọ̀ ló ń ba ààbò yẹn jẹ́. Irin tó bá sì ti dípẹtà máa ń wú, ìpẹtà yẹn á gbààyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ, kò síbi tó fẹ́ wú sí, ló bá ń la bétọ̀n látinú.

Ọdún kẹfà tí ẹ̀gbọ́n mi kó débẹ̀ ló pè mí, ó ní àbúrò, wá wo nǹkan tó já lé bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ègé bétọ̀n ni, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ọpẹ́ ni pé ọ̀sán ni, àwọn ọmọ wà ní síkúùlù. Mo gun àga, mo fi òòlù kan àjà yẹn, ó ń dún bí igbá òfìfo, mo kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, òmíràn tún já. Irin mẹ́jọ ni wọ́n tò síbẹ̀, mo fi èékánná họ ọ́, ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà, èyí tó kù nínú ò nípọn ju ìṣó lọ. Bétọ̀n tó bo irin yẹn nísàlẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 1, bẹ́ẹ̀ létí òkun ó yẹ kó tó 4 tàbí 5. Ẹni tó ṣe é, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tún lọ bu yanrìn etí òkun pò ó torí pé ó sún mọ́ tòsí, ìyẹn ni pé iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti dà á.

Àwọn kan á ní ẹ fi gúdúrọ́n, ọ̀dà dúdú ojú títì, kùn ún. Oòrùn á gbẹ ẹ́ títí á fi sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀rùn. Àwọn míì á ní ẹ tẹ́ kàró, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, lé e, àmọ́ ojú ìsopọ̀ kàró ń mu omi, omi tó bá sì ti wọ abẹ́ ẹ̀, oòrùn ò rí i gbẹ mọ́. Oògùn adènà omi tí wọ́n ń dà sínú sìmá ń ṣèrànwọ́ o, ṣùgbọ́n dáàlì tó ń gbóná lọ́sàn-án tó ń tutù lóru á sán lọ́jọ́ kan, omi á sì gba ojú sísán yẹn kọjá.

Kí dáàlì tiẹ̀ tó nílò ìbòrí rárá, ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ná, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, síhà tíyóò, páìpù tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀, kí tíyóò sì jẹ́ méjì torí ewé á dí ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Omi tó dúró ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí dáàlì tó fẹ̀ tó mítà 10 ní gbogbo ìhà, tọ́ọ̀nù 10 ni! Ilé Àgùdà tó wà nílùú wa níbí, ẹ wo òrùlé wọn, gbogbo ẹ̀ ló dagẹ̀rẹ̀, omi ò ráyè jókòó.

Ìbòrí tí mo fọkàn tán létí òkun ni rúlò bítúmù, bítúmù tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n ń fi iná gáàsì jó mọ́ dáàlì, ìpele méjì, kí tòkè ní òkúta wínniwínni lójú. Kí ìkan gun orí ìkejì ní sẹ̀ǹtímítà 10, kó gun ara ògiri sókè ní 15 ó kéré tán. Tí wọ́n bá ń jó o, ẹ dúró tì wọ́n, kí bítúmù yíyọ́ yọ díẹ̀ létí ibi tí méjèèjì ti pàdé, ibi tí kò bá yọ, kò tíì lẹ̀. Ọ̀pá àti ìdè tí wọ́n fi ń di etí ẹ̀ mú, ẹ ní ínọ́ọ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, lẹ fẹ́. Èyí tó jẹ́ olómi, pọliyurétáànù, dáa níbi tí kọ̀rọ̀ àti tíyóò bá pọ̀, àmọ́ dáàlì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí náà àsìkò ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí wọ́n gbá eruku kúrò kí wọ́n tó kùn ún. Ọ̀dà funfun olómi lásán máa ń bó níbi tí omi bá ti ń dúró.

Àwa tá a wà nínú Àjàṣẹ́, òkun fi ohun tó ju kìlómítà 10 lọ jìnnà sí wa, iyọ̀ tiwa kéré sí ti Sèmè púpọ̀, àmọ́ òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wa.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, a gbé oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa irin wá, wọ́n fọ́ ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n pààrọ̀ irin tó ti tán, wọ́n tún un dà, kí wọ́n tó fi rúlò bò ó. Kí n tó san owó tó kù, mo ní kí wọ́n di ẹnu tíyóò méjèèjì, a rọ omi sí i títí ó fi ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, mo fi ẹfun fa ìlà sára ògiri níbi tó dé. Ọjọ́ méjì la fi í sílẹ̀. Oòrùn fà á díẹ̀ sí abẹ́ ìlà, àjà yàrá àwọn ọmọ gbẹ táútáú, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á títí kan kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló bá ní ká ṣí omi náà.