Èrò ọkàn mi: Ẹni tó ń tẹ̀ka kì í ṣe òmùgọ̀

Ẹ gbé oògùn ara gbígbóná ọmọdé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Paracetamol ni méjèèjì, àwòrán ọmọ jòjòló ló wà lára páálí méjèèjì. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń kán sí ìkókó lẹ́nu: 100mg ló sábà máa ń wà nínú mílílítà kan ṣoṣo. Èkejì ni sírọ́ọ̀pù tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n: 120mg ló máa ń wà nínú mílílítà márùn-ún. Ìyá tí kò lè ka ara ìgò, tó kàn rántí pé "ṣíbí kan" ni nọ́ọ̀sì sọ lọ́jọ́sí, bó bá bu ṣíbí kan nínú èyí tí wọ́n ń kán, 500mg lọmọ gbé mì yẹn. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Bó bá wá jẹ́ ṣíbí ìjẹun ló lò dípò ṣíbí kékeré inú páálí, ó tún lé sí i. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń bà jẹ́ bó bá ṣẹlẹ̀ léraléra. Ìfẹ́ ọmọ ló sì jí ìyá náà lóru.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn báwọn èèyàn bá ń fi "púrúǹtù" bú ọmọnìkejì wọn. Ìyá aláta tó ní ogún oníbàárà tó ń rajà àwìn, tó mọ iye tí oníkálùkù jẹ àti ọjọ́ tó dá, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ṣé orí ẹni yẹn ni ò pé?

Ìṣẹ́ ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń dárúkọ bí wọ́n bá bi wá léèrè ohun tó ń fa àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń fi ra aṣọ iléèwé, owó ni wọ́n ń fi ra bàtà àti ìwé, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Bó bá di pé ọmọ kan gbọ́dọ̀ dúró sílé, obìnrin ni wọ́n sábà máa ń yọ, wọ́n á ní kó lọ máa ṣọmọ ọ̀dọ̀ nígboro. Ọkùnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ náà ńkọ́? Bí kòkó bá ti pọ́n, oko ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tó bá pa jẹ ní kíláàsì kìíní, nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀, ó lè má rí i bá mọ́ títí tó fi máa jáde, torí kò sẹ́ni tó máa dúró dè é nínú kíláàsì ọmọ ọgọ́ta. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn ti 2004 ní òbí tí kò bá rán ọmọ lọ síléèwé, ìkìlọ̀ ni ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, yóò san ₦2,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bí òbí náà bá ní owó ìtanràn yẹn lọ́wọ́, ìwé ni ì bá fi rà.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn tó jókòó sí kíláàsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọn ò sì lè ka ìlà méjì. Ẹ dán ọmọ kíláàsì kẹrin kan wò. Yóò ka ojú ewé tó ní àwòrán bọ́ọ̀lù geerege. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán náà, ohùn á dákẹ́. Ó ti há a sórí ni. Èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé kíkà. Ká pe ìró lẹ́tà pọ̀ ni ìdajì iṣẹ́, ìdajì kejì ni kí etí sọ pé, "Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí." Bí etí ò bá gbọ́ ọ rí, kí ló fẹ́ sọ? Gẹ̀ẹ́sì tún wá le sí i, torí lẹ́tà rẹ̀ kì í dúró lójú kan: a inú cat kọ́ ni a inú cake, a inú call náà tún yàtọ̀. A ti Yorùbá, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti bá a, a náà ni.

Wọ́n ti dán èyí wò nílẹ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Àṣìṣe ńlá ni, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ wá wo ibi tó ń já sí lọ́jọ́ alẹ́. Ẹnì kan á gbé bébà wá: "Màámi, ẹ tẹ̀ka síbí, ìwé owó orí ilé ni." Ilẹ̀ ti lọ. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé wà: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà, èyí tó fi hàn pé ó ti kà á sí i létí, ó sì ti là á yé e kó tó tẹ̀ka. Bí èyí ò bá sí níbẹ̀, kì í rọrùn fẹ́ni tó kọ ìwé láti fi mú ẹni tó tẹ̀ka nílé ẹjọ́. Kí àtàǹpàkò òbí yín tó kan tàdáwà, ẹ wá orúkọ yẹn nísàlẹ̀ bébà. Lọ́dọ̀ oní-POS náà, ẹni tí kò lè ka ojú ẹ̀rọ á ní "Bá mi tẹ̀ ẹ́", á pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì gbọ́.

Àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá máa ń tètè mọ̀ ọ́n kà ju bí a ṣe rò lọ, bí a ò bá ti fi "A for apple" bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ẹ mú mẹ́ta péré: a, b, t. Ẹ ti ní bàbá, ẹ ti ní ata, ẹ ti ní bàtà. Ẹ ti ní odindi gbólóhùn: Bàbá ta bàtà. Ẹni tó ti ń tẹ̀ka láti ogójì ọdún á ti ka gbólóhùn kan tán kó tó relé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí àmì orí a tó gbẹ̀yìn padà: bàtà di bàtá, ohun tí à ń wọ̀ di ohun tí à ń lù. Àwọn olùkọ́ tó ń yọ àmì ohùn kúrò kí iṣẹ́ lè yá, àwọn gan-an ló ń mú un le. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ to b mọ́ fáwẹ̀lì méjèèje: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ tún mú owó ₦200 jáde. Igba ni wọ́n kọ sí i lára ní Yorùbá, gb ibẹ̀ sì rèé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń ná an lójoojúmọ́ ti mọ ohun tó ń jẹ́ kó tó kà á.

Wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Kíláàsì aago mẹ́wàá àárọ̀, ọlọ́jà ò lè wá. Olùkọ́ tó ń pàṣẹ fún ẹni tó tó bí i lọ́mọ bíi pé ọmọ iléèwé ni, kò ní pẹ́ kó ku òun nìkan. Ọ̀pọ̀ kíláàsì sì máa ń parí síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn kọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ṣì máa bu oògùn jù fọ́mọ.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn olùkọ́ kì í fura sí. Béèyàn bá ti lé lógójì ọdún, ojú kì í sábà rí ohun tó wà nítòsí kedere mọ́. Ìyá ẹni ọdún 55 tó ní òun ò mọ ìyàtọ̀ o àti ọ, ó lè jẹ́ àmì ìsàlẹ̀ yẹn ni kò rí. Ẹ kọ méjèèjì gàdàgbà sára pátákó, kẹ́ ẹ bi í. Bó bá mọ̀ wọ́n lára pátákó, tí kò mọ̀ wọ́n nínú ìwé, ẹ bá a wá awò ojú.