Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran: Ọ̀rọ̀ Lórí Káàdì Yúníọ̀nù

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí kò bá ẹni tó ń sunkún wí. Kò ní kó nu ojú nù, kò ní kó dákẹ́. Ó gbà pé nǹkan ń dùn ún lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó má dijú, nítorí ìgbà tí inú bá ń bí èèyàn gan-an ni wọ́n máa ń gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi sọ̀rọ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí la bí i sí. Ní báyìí ó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to mọ́tò, tí mi ò ní dárúkọ. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Dádì Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ti gbé káàdì yúníọ̀nù dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí sí i?" Yúníọ̀nù ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Káàdì rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ máa ń fọwọ́ sí pé òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún òun, kí wọ́n lè dìbò lé e lórí. Ọmọ náà sọ ohun tó ń dùn ún. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló ń dè, èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì í sì jẹ́ kó sùn lóru. Ófátáìmù rẹ̀ dandan ni, wọn kì í sì í sọ fún un títí ọjọ́ náà á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó dúró tì í ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n pe tọ̀hún, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ká mi lára. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kó má tíì fọwọ́ sí káàdì náà, bí ìbò bá sì dé, kó dìbò pé òun kò fẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ síta, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òwe tí àwọn tó gbé káàdì wá ì bá kọ́kọ́ fà yọ, ká ní wọ́n gbọ́ Yorùbá, ni àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mi ò ní bá òwe náà jà. Àwọn baba wa jẹ èrè rẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí ọjà wọ́n gógó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ fi kún owó òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀, Michael Imoudu sì wà lára àwọn tó léwájú. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore rí, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀gá tí wọ́n bá jà lọ́dún náà. Ìjọba ni. Ìjọba kò lè tú ojú irin tó gba Òṣogbo kọjá láti 1907 kó kó o lọ sí ìlú mìíràn. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò lè kó lọ. Kò tilẹ̀ nílò kó kó lọ. Yóò kàn gbé ọkọ̀ tuntun tó ń bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn pé kó máa tò ó, kó sì fi èyí tí ọjà rẹ̀ ti ń kú lọ sílẹ̀ fún yín. Kò sí ẹni tí wọ́n lé, kò sí ẹni tí wọ́n bú. Iṣẹ́ ni yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Páàtì mọ́tò ni mò ń tà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́ sọ ọ́. Bí ẹ bá dúró níwájú mọ́tò tòkúnbọ̀ kan ní Òṣogbo yìí, ẹ wo inú gíláàsì iwájú, ní ìsàlẹ̀, lápá dẹ́rẹ́bà. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí nọ́ńbà ṣásíì wà lára rẹ̀. Camry "Big Daddy" tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi JT bẹ̀rẹ̀, Japan ló ti wá. Èyí tó bá fi 4T1 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá láti Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí Toyota ti ń to Camry láti 1988. Accord "End of Discussion" tó bá fi 1HG bẹ̀rẹ̀, Marysville ní Ohio ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Láti 1982 ni Honda ti ń to Accord níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí kò sí lábẹ́ yúníọ̀nù, iṣẹ́ kò sì tán lọ́wọ́ wọn láti ìgbà náà.

Corolla kan tún wà tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fi 1NX bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ronú lé jù. Fremont ní California ni wọ́n ti tò ó, ní ilé-iṣẹ́ tí Toyota àti General Motors jọ dá sílẹ̀ ní 1984, tí wọ́n ń pè ní NUMMI. Yúníọ̀nù UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọṣẹ́. Mo ti ta páàtì fún àwọn Corolla wọn, mi ò sì rí i kí wọ́n yàtọ̀ sí ti Japan. Nígbà tí General Motors wọ gbèsè ní 2009, ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Toyota jókòó, ó wo gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní. Èyí tí UAW wà nínú rẹ̀ yìí ló pa dé. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn jáde, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn sì pàdánù iṣẹ́. Mi ò sọ pé yúníọ̀nù nìkan ló fà á. Alábàáṣe ti lọ, ọjà ti bàjẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n ní àdéhùn, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, kò sì sí èyí tó dá ilẹ̀kùn náà dúró lọ́jọ́ tí wọ́n tì í.

Àwa ará Òṣogbo kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí lọ́wọ́ ará California. A ní ilé-iṣẹ́ irin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan nínú mẹ́ta irú rẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Jos àti Katsina. Láti Aladja àti Ajaokuta ló yẹ kí irin tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ti máa wá. Nígbà tí irin kò dé mọ́, ẹ̀rọ dákẹ́. Ta ni òṣìṣẹ́ fẹ́ bá jókòó sórí tábìlì? Ẹgbẹ́ lè bá ọ̀gá dúnàádúrà, kò lè bá irin tí kò dé dúnàádúrà. Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó láti 1975, èyí tó ń ṣe ọkọ̀ Ìjàpá, owó náírà tó já wálẹ̀ àti tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìtàn.

Òwe kejì tí mo sọ fún un ni pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1935 ló gbé ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù ró. Bí ìdá 30 nínú 100 òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí káàdì, wọ́n lè pe ìjọba wá ṣètò ìbò. Ẹ̀gbẹ́ tó bá pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò ló borí. Bí yúníọ̀nù bá borí, òun nìkan ló lẹ́nu láti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó, wákàtí àti ìlànà iṣẹ́ fún gbogbo wọn, títí kan ẹni tó kọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò jáde dìbò. Òfin Alabama ní kò pọn dandan kéèyàn san owó ẹgbẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bó san án, bí kò san án, ẹgbẹ́ náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ ọmọ yìí mọ́ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò lè pè é sí kọ̀rọ̀ kó fi kún owó rẹ̀. Ohun tó wà nínú àdéhùn ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba ẹnu wọn padà, ó kéré tán ọdún kan gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè tún dìbò. Bí àdéhùn bá ti wà nílẹ̀, ó lè tó ọdún mẹ́ta.

Ọmọ náà rò pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá borí, owó máa gbé pẹ́ẹ́lí. Mo ní kó wo ará Chattanooga ní Tennessee, ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen. Ní 2014 wọ́n kọ yúníọ̀nù, ìbò 712 sí 626. Ní 2019 wọ́n tún kọ̀ ọ́, 833 sí 776. Ní oṣù Kẹrin 2024 wọ́n gbà á, 2,628 sí 985. Odindi ọdún kan kọjá lẹ́yìn náà, wọn kò rí àdéhùn àkọ́kọ́ gbà nínú rẹ̀. Òfin ní kí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn. Kò ní kí wọ́n gbà fún ara wọn. (Ní Alabama tirẹ̀ gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ Mercedes-Benz dìbò lóṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n sì kọ̀ ọ́, 2,642 sí 2,045. Wọn kì í ṣe ẹrú, wọn kì í ṣe ojo.)

Bí wọn kò bá gbà fún ara wọn ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ló kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti 1938 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó, ọ̀gá lè gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ títí láé. Wọn kò lé e o, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀, àfi kó dúró de ìgbà tí àyè bá ṣí. Nígbà tí UAW daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, dọ́là 500 ni ẹgbẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ọmọ tó ń san owó ilé-ìwé àbúrò méjì ní Òṣogbo, tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀, kó gbé ìṣirò yìí ka iwájú kó tó fọwọ́ sí nǹkan.

Owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, owó iṣẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ lóṣù ni. Ẹni tó ń gba dọ́là 30 ní wákàtí yóò san 75 lóṣù, 900 lọ́dún. Kò pọ̀ jù fún ohun rere. Ṣùgbọ́n ààrẹ UAW méjì tó ti fipò sílẹ̀, Dennis Williams àti Gary Jones, gbà nílé-ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n ní 2021. Owó òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi gba ilé ìgbafẹ́ ní Palm Springs, tí wọ́n fi gbá gọ́ọ̀fù, tí wọ́n fi ra sìgá olówó gọbọi. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ẹni tó ń de ilẹ̀kùn lóòrùn lóru ló san owó yẹn. Ilé-ẹjọ́ yan alábòójútó lé ẹgbẹ́ náà lórí ní 2021, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń dìbò yan ààrẹ fúnra wọn báyìí. Ìyẹn dára, ó sì tọ́ kí n sọ ọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n ní ká wá gbájọ, ó yẹ ká mọ ibi tó ti wà rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dá mi lóhùn níbì kan tó dáa. Ó ní, "Dádì, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2023 yẹn, Toyota, Honda àti Hyundai fi kún owó àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí nínú yúníọ̀nù. Ṣé kì í ṣe yúníọ̀nù ló ṣe é?" Òun ló ṣe é, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló ba àwọn ọ̀gá yẹn lẹ́rù? Ìbò tí òṣìṣẹ́ wọn lè dì ni. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì lò ó. Owó kún, kò san owó ẹgbẹ́, kò daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí yóò fi kánjú ná agbára náà?

Ohun tí mo ní kó ṣe nìyí, torí mi ò fẹ́ kó fi èjìká tó ń dùn ún sùn. Òfin 1935 kan náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jọ gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, yálà yúníọ̀nù wà tàbí kò sí. Ní Baltimore, àwọn òṣìṣẹ́ méje kan tí kò ní yúníọ̀nù fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé nítorí òtútù inú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n lé wọn. Ní 1962 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tọ́ kí wọ́n lé wọn. Nítorí náà, kí òun, onígbà díẹ̀ tó dúró tì í, àti àwọn tó kù nídìí ilẹ̀kùn jókòó, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ófátáìmù náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n jọ mú un lọ bá máníjà. Kó lọ fi èjìká rẹ̀ han dókítà ilé-iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó gba ìwé. Bí ibi iṣẹ́ náà bá léwu, òfin ọdún 1970 fún un láyè láti kọ̀wé sí ìjọba fúnra rẹ̀.

Ìbò náà, ìkọ̀kọ̀ ni. Bí máníjà bá bi í bó ṣe máa dì í, kò jẹ ẹ́ ní èsì. Bí àwọn oníkáàdì bá bi í, kò jẹ àwọn náà ní èsì. Mo sì sọ fún un pé bí wọ́n bá gba ìwé tí wọ́n jọ kọ, tí wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀, tí oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn, kó pè mí padà. Ìgbà yẹn la máa tún ọ̀rọ̀ káàdì náà sọ, mo sì lè sọ ohun mìíràn fún un.