Ṣé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń sọ ọmọ di ọ̀mùtí? Irọ́ ni jàre

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kí àwọn èèyàn ṣáà ti gbọ́ pé dókítà kọ Prozac, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún ọmọ ọlọ́dún 14, kíá, "wọ́n ti ba ọmọ yẹn jẹ́ nìyẹn, tó bá dàgbà ọtí ló máa mu kú". Ta ló sọ fún yín?

Àwọn tó kàwé díẹ̀ á ní ìwádìí eku ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á fún ọmọ eku lóògùn, tó bá dàgbà wọ́n á gbé ìgò méjì sínú kéèjì ẹ̀, omi nínú ọ̀kan, ọtí nínú ìkejì, wọ́n á wá wọn ìgò náà wò bóyá èyí tó lọ́tí ló mu jù. Iṣẹ́ gidi ni o, àmọ́ ọ̀pọ̀ eku yẹn, ara wọn dá ṣáṣá kí wọ́n tó fún wọn lóògùn. Ta ló ń kọ Prozac fún ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní TADS, àbọ̀ ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2004: ọmọ 439, ọlọ́dún 12 sí 17, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá fínra gan. Àwọn kan lo fluoxetine, ìyẹn Prozac yẹn náà, àwọn kan ń jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù ń gbé hóró tí kò lóògùn nínú mì láìmọ̀. Wọ́n wá tẹ̀ lé 192 nínú wọn fún ọdún 5. Nínú àwọn tára wọn yá láàárín ọ̀sẹ̀ 12, bíi 10 nínú 100 ló padà kó sínú wàhálà oògùn olóró, nínú àwọn tára wọn ò yá, bíi 25 ni! Irú ìtọ́jú tí wọ́n gbà ò sì yí i padà. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ ṣá, torí ní ti ọtí, ara yíyá ò dín in kù, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé Prozac ń lé ọtí.

Àìsàn yẹn gan-an lẹ ò bẹ̀rù. Ọmọ tí ò róorun sùn, tí ayé ti sú, òun ló ń wá ohun tó máa fi pàrònú rẹ́. Ẹ fi ètè sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ tún ń po Prozac mọ́ Tramadol àti Valium tó ń di bárakú, Prozac kì í ṣeni bí ẹni tó mutí yó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan, ẹ bẹ̀rù eléyìí: ní 2004 ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ńlá sára irú oògùn yìí, torí èrò àtipa ara ẹni yọ lára bíi 4 nínú 100 ọmọ tó lò ó, 2 lára àwọn tí ò lò ó, kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọmọ lójú méjèèjì láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má sì ṣàdédé dá oògùn náà dúró láìsọ fún dókítà. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí kankan nínú ìkìlọ̀ yẹn.