Jim Reeves kọ́ ló tẹ píánò yẹn o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gbé fídíò Jim Reeves sí gúrúùpù wa tó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "bàbá yìí mọ dùùrù tẹ̀ ju gbogbo yín lọ", ẹ bá mi kí i gan-an ni. Mo gbà, ohùn ọkùnrin yẹn dùn, bàbá tèmi náà kì í gbọ́ nǹkan míì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n orin ọdún 1959 yẹn, èyí tó ti ń bẹ obìnrin kan pé kó sún mọ́ fóònù dáadáa, Floyd Cramer ló jókòó sídìí píánò níbẹ̀, Bob Moore ló wà nídìí bésì, Buddy Harman ló ń lu ìlù. Mo dárúkọ wọn báyìí ni ẹnì kan bá fèsì pé "àwọn yẹn kàn ń gbè é lẹ́yìn ni."

Kàn ń gbè é lẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ eléyìí.

Ní Nashville, ìlú kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń ṣe orin kọ́ńtìrì, iṣẹ́ gidi niṣẹ́ kéèyàn máa lù fún olórin. Wákàtí mẹ́ta ni sẹ́ṣọ̀n kan, ìyẹn ìjókòó kan tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, wọ́n sì lè gbé orin mẹ́ta mẹ́rin jáde láàárín ẹ̀, orin tí àwọn míì nínú wọn ò gbọ́ rí kí wọ́n tó wọ sítúdíò o. Wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà sórí bébà dípò orúkọ kọ́ọ̀dù, 1, 4, 5, ó parí. Neal Matthews tó wà nínú àwọn Jordanaires, ẹgbẹ́ akọrin kan, ló dá ọ̀nà nọ́ńbà yìí sílẹ̀, Charlie McCoy tó ń fọn hamónííkà wà lára àwọn tó jẹ́ kó tàn ká. Tí olórin bá ní ó ti ga jù fún ọ̀nà ọ̀fun òun, wọ́n á kàn gbé kíì, ìyẹn ìpele ohùn orin náà, wálẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa tún nǹkan kan kọ torí nọ́ńbà ò yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ìka sókè sí onígìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti di 4, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ wá wo Hargus Robbins. Ọ̀bẹ ló gba ojú ẹ̀ ní kékeré. Ilé ìwé àwọn afọ́jú ló ti kọ́ píánò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Pig, ẹlẹ́dẹ̀ o, torí ó máa ń yọ́ gba ibi tí wọ́n ní kí wọ́n má gbà, á wá jáde tòun ti ìdọ̀tí lára. Ọkùnrin yìí tẹ̀ ẹ́ fún George Jones, Dolly Parton, Kenny Rogers, àní àwo tí Bob Dylan gbé jáde lọ́dún 1966, ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọ Country Music Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn àgbà oníkọ́ńtìrì, nígbà tó ti lé ní ọdún 50 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá ní ó ń gbè lẹ́yìn.

Ẹ má sì jẹ́ ká jìnnà jù. Gìtá tó máa ń ké wẹ́ẹ́ẹ́ lẹ́yìn King Sunny Ade yẹn, pedal steel ni, irinṣẹ́ àwọn oníkọ́ńtìrì gan-an. Demola Adepoju ló ń ta á. Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, náà pè é sórí àwo ẹ̀ tó ń jẹ́ Graceland lọ́dún 1986. Mo bi wọ́n ní gúrúùpù pé ta ló ń ta gìtá yẹn, wọ́n ní "Sunny ni." Ẹ gbà mí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ta bésì n'Ìbàdàn. Olórin ẹ̀mí kan, mi ò ní dárúkọ, pè é sí sítúdíò lálẹ́, kò sórin nílẹ̀ o, obìnrin yẹn kàn ń hùn ún ni, ẹ̀gbọ́n àti onílù ló wá a títí tó fi dorin, ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ lọ́ńṣìn, MC pe alága, ó pe ìyá ọjọ́, ẹni tó se ráìsì pàápàá dìde wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn sípíkà pẹ̀lú gìtá lọ́rùn. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fún un. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Inú mi ń ru, mo ní ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "Àbúrò, orúkọ wo? Kí wọ́n san owó mi kí n máa lọlé. Ẹni tí wọ́n bá ti mọ̀ tán, wàhálà ló rà."

Ibi tó ti wá rú mi lójú nìyẹn. Torí àwọn ará Nashville ọ̀hún, yúníọ̀n ti dá iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ san kéré sí, olórin á máa sùn nínú bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, onísẹ́ṣọ̀n á sùn sílé ara ẹ̀. Floyd Cramer ní orin tiẹ̀ tó gbòde lọ́dún 1960, ó tún padà lọ jókòó lẹ́yìn ẹlòmíì. Bóyá orúkọ kọ́ ni mo yẹ kí n máa jà sí. Ṣùgbọ́n rédíò Amẹ́ríkà títí dòní, ẹni tó kọ orin ni wọ́n ń sanwó fún, olórin àti onípíánò ò rí kọ́bọ̀. Orí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin ti yọ ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbè, tí orúkọ ẹ ò bá wá sí lórí ìwé, báwo lowó yẹn ṣe fẹ́ mọlé ẹ?

Mi ò mọ èyí tí mo dúró lé mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lù fún èèyàn, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, orúkọ ni àbí owó?