Ta ló ní kò sí nǹkan kan ní Èjìgbò?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí admíṣọ̀n bá ti jáde, tí ọmọ kan bá rí i pé UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mú òun àmọ́ Agric ni wọ́n fún òun, pé Èjìgbò lòun ń lọ, kì í ṣe Òṣogbo, ńṣe lojú á fà ro. Àwọn òbí gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ẹ̀. "Inú igbó yẹn? Ọdún márùn-ún?" Látìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ní 2006 tí wọ́n sì pín in kiri ìlú, Òṣogbo, Ìkirè, Òkukù, Ifẹ́tẹ̀dó, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Èjìgbò, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ẹni tó bá wà l'Óṣogbo ló wà ní yunifásítì, àwọn tó kù wà lóko.

Mi ò ní tan yín o, kámpọ́ọ̀sì kékeré ní ìyà tiẹ̀. Agric lèmi náà kà, kì í ṣe Èjìgbò, ibi tí mo ti kà á tiẹ̀ tún wọ inú lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Orí àpáta lẹ ó gùn kí WhatsApp tó wọlé, iná tó bá wá lónìí ó tún di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire, àwọn iléeṣẹ́ tó máa ń lọ àwọn yunifásítì ńlá lọ gba ọmọ síṣẹ́, wọn ò mọ̀nà ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹni tó bá ní ká máa dúpẹ́ fún ìyẹn, kóun máa dúpẹ́ lọ.

Àmọ́ nítorí pé a ò pọ̀, lẹ́kítọ̀ mọ orúkọ kálukú wa, tó o bá sá kíláàsì wọ́n á bi ẹ́ lọ́jà. Nígbà tó kan wa láti tọ́ òròmọdìyẹ, wọ́n kó wọn lé wa lọ́wọ́ ni, èmi àti ẹnì kejì mi la jọ ń sùn nínú ilé adìẹ, ìkòkò èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ò ní ohun èlò kankan tá a fi ń wọn ooru, ojú la fi ń wò ó. Tí àwọn ọmọ adìẹ yẹn bá ń gun ara wọn lórí nídìí iná, òtútù ń mú wọn nìyẹn, ẹ tètè fi èédú kún un kí wọ́n tó tẹ ara wọn pa. Tí wọ́n bá sá jìnnà síná tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń mí fúkẹ́fúkẹ́, ooru ti pọ̀. Tí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń ṣa oúnjẹ jẹ, ẹ lè rẹjú díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ka Agric kan náà ní yunifásítì ńlá, ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ló ń wò nígbà práktíkà, ó gboyè tán kò fọwọ́ ara ẹ̀ fún adìẹ kan ní àjẹsára rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èjìgbò, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wọ ọjà Èjìgbò kẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ máa gbọ́ Faransé. Kì í ṣe ti inú ìwé o, èyí tí wọ́n fi ń nájà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast, ọ̀pọ̀ ilé ló ní bàbá tàbí àǹtí tó wà ní Abidjan, mọ́tò ń gbéra ní Èjìgbò tààrà, á gba Bẹ̀nẹ̀, á gba Tógò, á gba Gánà kọjá kó tó débẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún tí wọ́n kó wálé wá kàwé, Faransé ló ń yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ìlú tí òrìṣà ẹ̀, Ògìyán tó fẹ́ràn iyán, ti dé Brazil tí wọ́n ń pè é ní Oxaguiã, ẹ̀yin wá ń pè é ní igbó, ó mà ṣe o.

Ta ló ń kó kòkó jáde jù láyé? Ivory Coast ni. Kaṣú tí wọn ò tíì yọ nínú èèpo náà ńkọ́? Àwọn náà ni. AfricaRice tó ń ṣe ìwádìí lórí ìrẹsì, Abidjan ni oríkò ẹ̀ wà, African Development Bank náà, Abidjan ni. Ọmọ wá ń ka Agric nínú ìlú tí mọ́tò Abidjan ti ń gbéra, ó ń ké pé kò sí opportunity! Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ kọ́ Faransé, owó ló máa fi kọ́ ọ, ti Èjìgbò, tòmátì ló máa lọ rà.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán Fraidé ló ti gbé bàágì kọ́ ẹ̀yìn, ó di Òṣogbo, ó di Èkó? Gbogbo ọmọ kámpọ́ọ̀sì kékeré ló ń ṣe é, àwa náà ṣe é. Ìlú téèyàn kì í lo Sátidé níbẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró, ẹ bá wọn ṣọdún, ẹ bá ọmọ ìyá tẹ́ ẹ gbalé lọ́wọ́ ẹ̀ sọ Faransé tí ò já gaara, ẹ̀rín ni wọ́n á fi yín rín, kò pani. Tó bá ti ń lọ déédéé, ẹ lọ ṣe DELF, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ Faransé sí, ìwé ẹ̀rí yẹn kì í ní expiry.

Àwọn aláṣẹ náà, mo ń bá gbogbo ẹni tó ní kámpọ́ọ̀sì nígbèríko wí ni o, kí ló le nínú kí ẹ pe àwọn tó ti òkèèrè dé wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀? Gbogbo ìgbà ni SIWES, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, ń di kí ọmọ máa wá ibi tí wọ́n á ti bá a buwọ́ lu logbook, ó ń lọ ra búrẹ́dì fún ọ̀gá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á wọlé wá sọ pé Abidjan náà ò rọrùn. Òótọ́ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wálé tí ọdún bá ti sún mọ́lé, ẹ lọ bi wọ́n iye ọdún tí wọ́n fi jẹ gbèsè kí wọ́n tó kọ́lé tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, wọ́n á sọ fún yín.