Elégédé Tó Wọ Agbádá

Ẹ kúuṣẹ́ ìfẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́làjú. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí òde ìsìnkú ìyá arúgbó kan l'Ábẹ́òkúta, mò ń jẹ ọ̀fadà mi jẹ́ẹ́, ni ìyá kan bá na ọrùn láti ìdí tábìlì kejì: "Pumpkin! Pumpkin mi!" Bàbá tó dáhùn ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Agbádá ńlá, fìlà abetí-ajá. Ó ní, "Yes, my love."

Elégédé! Ohun tó ń hù lórí ààtàn láìsí ẹni tó gbìn ín. Mo wo orí bàbá náà dáadáa, kí n má baà ṣìkà. Ó rí roboto lóòótọ́, ó sì ń dán. Bóyá ìtàkùn rẹ̀ ló ká mọ́ abẹ́ fìlà. Bóyá tí wọ́n bá là á, kóró funfun ni wọn ó bá nínú rẹ̀, kí wọ́n sá a sí oòrùn. Nígbà tí a wà nílé ìwé, ẹni tó bá pè ọ́ ní olórí elégédé, eyín rẹ̀ kan á yọ kí agogo tó lù. Ó wá gba ẹnu Òyìnbó jáde, ó di ìkẹ́. Ẹ mọ̀wé gan-an.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń kó wálé? "Darling" dára ní tirẹ̀, ẹni ọ̀wọ́n ni láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n Chaucer, akéwì wọn tó kú ní 1400, pe arẹwà obìnrin kan ní "piggesnye". Ojú ẹlẹ́dẹ̀ ni! "Bully" tó di orúkọ ìpáǹle lónìí, olólùfẹ́ ló jẹ́ ní àwọn ọdún 1500. Ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, "hen" ni wọ́n fi ń ké obìnrin. Àgbébọ̀ adìyẹ! Ojú ò tiẹ̀ tì yín!

Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń pe ìyá mi. Bó bá ti fà á lẹ́nu báyìí, "Àbẹ̀kẹ́ẹ́", ìyá mi á sọ omorogùn sílẹ̀: "Olówó orí mi!" Ọbẹ̀ lè jóná tó bá wù ú.

Èmi náà ò bọ́. Ìyàwó mi tó ti ń pè mí ní Bàbá Ṣadé láti ọjọ́ pípẹ́ ra fóònù tuntun, ló bá sọ mí di "honey". Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá bi Ṣadé pé kí ni honey. Ṣadé ní oyin ni. Àna mi bá kọjú sí mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bu ṣíbí méjì fún àwọn, ikọ́ ò jẹ́ kí àwọn sùn mọ́jú.