Irọ́ ni pé ilé ìkàwé kò sí fún ẹni tó ń kàwé láti ilé

"Ti àwọn tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé ni ilé ìkàwé." Mo ti gbọ́ ọ ní Kubwa, mo ti gbọ́ ọ ní Lugbe, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ kan tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mò ń ṣe ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí dọ́kàn, torí kì í ṣe òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ Ọ̀fà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Nyanya ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń ka ìwé dìgírì láti ilé. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn bá rí lórí Google, ìsọníṣókí rẹ̀ nìkan ni àwọn ń rí kà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn, ilé iṣẹ́ tó ni journal náà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, á ní kí àwọn san nǹkan bíi 30 tàbí 40 dọ́là. Lórí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo!

Mo ní, "Àǹtí mi, ilé ìkàwé ilé ìwé yín ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Àbúrò, ta ni yóò dá mi lóhùn níbẹ̀? Èmi tí ilé ni mo ti ń kàwé."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí rìsíìtì owó ilé ìwé wọn. Wọ́n tú u jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin. Lábẹ́ owó ìdánwò gan-an, "library" wà níbẹ̀, iye owó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń san án, wọn kò sì tíì fi ka ojú ewé kan.

Ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ń kàwé láti ilé ní sí ilé ìkàwé kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti 1967 ni ACRL, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti kọ ìlànà sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn odi ọgbà. Ohun tí ìlànà wọn dúró lé lórí ni pé ibi yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ wà, iṣẹ́ tí ilé ìkàwé máa ṣe fún un kò gbọdọ̀ kéré sí ti ẹni tó wà nínú ọgbà. Nílé wa níbí, NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jabi, kó ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni, kódà fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Kí wá ló dé tí ilé iṣẹ́ journal ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi? Ilé ìwé ti san owó lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn journal yẹn. Tí kọ̀ǹpútà inú ọgbà bá dé ìkànnì ilé iṣẹ́ journal, nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn. Fóònù tó wà ní Nyanya kò ní nọ́ńbà yẹn. Proxy, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dúró láàárín yín àti ilé iṣẹ́ journal, ló ń yanjú rẹ̀. EZproxy tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò ti wà láti 1999. Ẹ ó gba ojú ìkànnì ilé ìkàwé wọlé, ẹ ó tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín àti password, ilé ìkàwé á wá dúró fún yín. Ó dà bí ìgbà tí ẹ dé òde ìyàwó tí ẹni tó wà lẹ́nu géètì kò mọ̀ yín, tí ẹbí olóde wá pariwo láti inú ilé pé, "Tiwa ni, ẹ jẹ́ kó wọlé!"

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ti ṣètò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín, ẹ dárúkọ àpilẹ̀kọ tàbí orí ìwé tí ẹ ń wá. A máa ń ya orí kan nínú ìwé, a ó sì fi ránṣẹ́. Odindi ìwé ni òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò gbà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ kíkún, ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí yín. Ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ kò bá ní nǹkan kan, DOAJ wà, ìkànnì tó ń tọ́ka sí àwọn journal tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, JSTOR, ìkànnì tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ journal jọ sí, náà sì ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka 100 àpilẹ̀kọ lóṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ password tiwọn. Inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ la ti rí i, wọn kò tíì lò ó rí. Iná ti lọ, fóònù ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wa lójú. A tẹ̀ ẹ́, ó yí díẹ̀, àpilẹ̀kọ tó ń béèrè dọ́là lọ́jọ́sí sì ṣí látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù kó má máa jẹ dátà, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́ ná, àwọn ń kàwé.